Ilẹ̀ tó gan bí òkúta: irinṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ metal detecting rà?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn mí jù. Oṣù kẹjọ ni, lóko àlìkámà kan ní Essex níbí, ní England, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè tán, pòròpórò tó kù nílẹ̀ ń gún mi lẹ́sẹ̀. Ditẹ́kítọ̀ mi, ẹ̀rọ tí a fi ń wá irin àti owó àtijọ́ lábẹ́ ilẹ̀, dún, ohùn tó mọ́, mo gbé e lọ gbé e bọ̀, ohùn yẹn ò yí padà. Mo kúnlẹ̀, mo yọ ọ̀bẹ ìgbẹ́lẹ̀ tí mo rà, mo fi gún ilẹ̀, kò wọlé. Mo tún gún un, ó wọ bí ìdajì ìka. Ni mo bá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo wá ń gún un látòkè bí ẹni ń gún iyán, àfi kẹ́ẹ́! Sísì ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá àwọn bàbá àgbà gbé á mọ sísì, owó onírin tí wọ́n ń ná kó tó di pé náírà dé, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti ayé àwọn bàbá wa, ti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ni, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju bíi mílímítà 26 lọ, ó sì fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó lé ní 400 ọdún tó ti wà nínú ilẹ̀, tírákítọ̀ ń kọjá lórí ẹ̀ lọ́dọọdún, nǹkankan ò ṣe é, èmi ni mo wá gé e sí méjì.

Ọ̀bẹ yẹn mú o. Ó mú dáadáa, ó sì lágbára. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí gbogbo ẹni tó ń bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà", ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tó mú jù tàbí èyí tó lágbára jù. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ tó bá gan, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ọwọ́. Tí ẹ bá ti mú ìyẹn lọ́kàn, ìdajì ìdààmú tó wà nínú ríra irinṣẹ́ ti tán.

Kí ló dé tí ilẹ̀ fi ń le gan-an lásìkò tí a bá fẹ́ lò ó? Ẹni tó bá ń gbé ní gúúsù ìlà-oòrùn England, Essex, Kent, apá ibẹ̀ yẹn, amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa. Àgbẹ̀ máa ń kórè àlìkámà láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ, tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbin òmíràn. Àárín kóńkó yẹn ni wọ́n máa ń gbà kí a wọlé, torí kò sí ohun ọ̀gbìn tí a máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni oòrùn ti fa gbogbo omi inú amọ̀ tán. Amọ̀ tí omi ẹ̀ gbẹ máa ń sún kì, á wá la, ẹ máa rí ojú lílà tí ọwọ́ yín lè wọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàrin lílà kan sí èkejì, bíríkì ni. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn amọ̀kòkò ṣe ń sá ìkòkò sóòrùn kí wọ́n tó sun ún, ohun kan náà ni. Nínú oṣù kejì ilẹ̀ yẹn rọ̀ bí ẹ̀bà, ṣùgbọ́n àlìkámà wà lórí ẹ̀, ẹ ò lè débẹ̀. Torí náà kò sí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe lè sá fún ilẹ̀ líle, bó pẹ́ bó yá yóò bá a.

Kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ mú sukúdíráfà gígùn kan nílé, irú èyí tí irin rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ gbé e lọ sóko yẹn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọlẹ̀. Tó bá wọlé dé ọwọ́ rẹ̀ láìsí wàhálà, irinṣẹ́ ọwọ́ kékeré tó yín. Tó bá wọ ìka kan tó dúró, ẹ gbàgbé irinṣẹ́ ọwọ́, nǹkan tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ nílò. Tí ẹ bá wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo ara yín tí kò wọ ju íǹṣì méjì lọ, ẹ padà sílé. Mi ò fi ṣeré rárá. Ẹ dúró de òjò, kí ó rọ̀ dáadáa, kí ẹ tún fún un ní bí ọjọ́ méjì kí omi rìn wọlé, torí amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa lẹ̀ mọ́ yín lára débi pé bàtà yín á wúwo ju ara yín lọ. Òjò yẹn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ó sì máa ṣe ohun tí irinṣẹ́ olówó ńlá ò lè ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ìṣirò ọjà lásán ni. Ká ní kìlò 80 lẹ wọ̀n. Ká ní ojú ṣọ́bìrì yín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí ẹnu rẹ̀ nípọn tó mílímítà méjì. Tí ẹ bá gun orí ẹ̀, kìlò 80 yẹn pín sórí ojú kékeré mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, ìyẹn kìlò 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá mú èyí tí ojú rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìwọ̀n ara yín ò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti di kìlò 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò jẹ ẹ̀bà kún un, ẹ ò lọ sí jímù, agbára yín ti di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ṣọ́bìrì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ ńkọ́? Ẹni tó kúnlẹ̀, tó ń fi ọrùn ọwọ́ gún nǹkan, kò lè gbé ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ sórí ẹ̀ kó sì ṣe é léraléra fún wákàtí mẹ́rin. Ọrùn ọwọ́ mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ sísì yẹn.

Ibi tó ti ń dà rú mọ́ àwa Yorùbá lójú rèé: gbogbo ẹ̀ la ń pè ní ṣọ́bìrì. Ṣọ́bìrì tí lébìrà fi ń po kọ̀ǹkéré, ojú ẹ̀ fẹ̀, ó ní etí, ó sì tẹ̀ síwájú láti ọrùn, kíkó ni wọ́n ṣe é fún. Òmíràn wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní spade, ojú ẹ̀ nà gbọọrọ bá ọwọ́ ẹ̀ lọ, kò tẹ̀, gígé ilẹ̀ ni tiẹ̀. Tí ẹ bá gbé ti kọ̀ǹkéré lọ sóko, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí, torí pé bó ṣe tẹ̀ yẹn, ìwọ̀n ara yín ò sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó ń yà síwájú. Spade ni kí ẹ bèèrè. Kí ó kéré, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ láàrin sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wo àwọ̀, ẹ má wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni ọrùn, ibi tí wọ́n ti jó ojú ẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń kán. Tí ẹ bá rí i pé wẹ́dà kàn tò ó lójú kan péré, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí irin ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gun ojú ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n jó lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ló máa bá yín kalẹ́. Lẹ́yìn náà, orí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Tí irin ibẹ̀ bá kàn gé bẹ́ẹ̀ láìsí pèpéle kékeré tí wọ́n ṣe sí i, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti jẹ ìsàlẹ̀ bàtà yín wọ inú, àtẹ́lẹsẹ̀ yín á sì máa ta yín bí iná. Gígùn ńkọ́? Ẹ gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó bá dé ìbàdí yín tàbí kó kọjá díẹ̀ ó dáa, àwọn kúkúrú tó wà fún àpò ẹ̀yìn máa ń mú kí èèyàn tẹ̀, ẹ̀yìn ò sì ní spare part. Ọwọ́ igi ò burú nínú ilẹ̀ rírọ̀, ṣùgbọ́n nínú amọ̀ gbígbẹ tí ẹ ó ti máa fi gbé ògúlùtu sókè, irin ni mo fọwọ́ sí.

Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tàbí irin lásán? Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà, amọ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ torí ara ẹ̀ dán, fún ilẹ̀ Essex mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún gbígbin òdòdó, ó máa tẹ̀ lójú yín bí ṣíbí, mo ti rí i tó tẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan níjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e jáde. Irin lásán tí wọ́n fi iná mú le dáadáa kò burú rárá, ẹ nù ún, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ yìí gan-an níbí, Evolution àti Black Ada, orúkọ wọn ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ará oko jù, ní Amẹ́ríkà sì rèé, Lesche ló gbajúmọ̀, pàápàá irinṣẹ́ ọwọ́ wọn tí ẹ̀gbẹ́ kan ní eyín bí ayùn. Wọ́n wọ́n ju spade ọgbà lásán lọ, òótọ́ ni. Ẹni tí owó ò bá tíì tó lọ́wọ́ ẹ̀, kó wá spade kékeré tí àwọn tó ń ṣe ọgbà fi ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òdòdó, kó yẹ ọrùn ẹ̀ wò bí mo ṣe sọ, ó máa ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ líle kì í ṣe ẹyọ kan o. Ohun tí mò ń sọ bọ̀ látẹ̀yìn, amọ̀ ni. Ẹ kọjá sí North Downs ní Kent, ilẹ̀ ẹfun lẹ máa bá, akọ òkúta tí wọ́n fi ń ṣáná láyé àtijọ́ sì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Spade tí ẹnu ẹ̀ gún régé bí rúlà máa gbá òkúta yẹn "gbà!", gbogbo apá yín á gbọ̀n, kò sì ní wọlé. Níbẹ̀, èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó tàbí tó yípo bí èékánná ló dáa, torí ṣóńṣó orí ẹ̀ máa wá àyè láàrin òkúta méjì, ẹ wá máa mì í díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi rí ọ̀nà. Ibi tí gbòǹgbò bá pọ̀ sí ni èyí tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wúlò. Ẹni tó bá ti ra èyí tó ní eyín torí pé ó rí bí nǹkan ogun, tó sì jẹ́ pé oko àlìkámà ló ń lọ, kò sí ohun tí eyín yẹn máa gé fún un níbẹ̀.

Wàyí o, bí ẹ ṣe máa lò ó. Sísì mi ò bá má kú ká ní mo mọ èyí ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ ojú ibi tí nǹkan náà wà: ẹ gbé kọ́ìlì, orí ditẹ́kítọ̀ tó rí bí àwo, lọ gbé e bọ̀, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún gbé e lọ gbé e bọ̀, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni. Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀! Ẹ sún sẹ́yìn tó bí ìbú ọwọ́ kan àti àbọ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ spade, kó dúró gbọọrọ, kó má dagun sí àárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ yí ká ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó gan, ẹ má retí pé ìtẹ̀ kan ló máa wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ tún padà wá, ìgbà kejì tàbí ìkẹta ni ilẹ̀ máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá tẹ ọwọ́ spade sẹ́yìn, ògúlùtu náà á dìde lódindi bí ìlẹ̀kùn tó ní àgbékọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nǹkan yẹn wà láàrin ògúlùtu, irin yín ò fara kàn án rárá.

Ìgbà yìí ni irinṣẹ́ ọwọ́ kékeré máa ń wúlò. Ẹ máa fi tú ògúlùtu ni, kì í ṣe láti fi gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ àtijọ́ kan sílẹ̀, èmi ń lo àǹkárá tó ti gbó, ẹ da ògúlùtu lé e lórí, ẹ fi pinpointer, ọ̀pá kékeré tó ń dún tó bá súnmọ́ irin, wá ẹ̀gbẹ́ tó wà, ẹ wá máa fi ọwọ́ fọ́ amọ̀ náà. Tí amọ̀ ò bá fọ́, ẹ gbé odindi ẹ̀ sápò, ẹ lọ rẹ ẹ́ sínú omi nílé, lọ́jọ́ kejì ó ti yọ́ bí ọṣẹ. Mo ti gbé ògúlùtu tó tó búrẹ́dì lọ sílé lórí bọ́tìnì kan ṣoṣo, bọ́tìnì yẹn sì jáde pẹ̀lú etí ẹ̀ lódindi, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ẹ fẹ́ mọ nǹkan tí mo máa sọ fún ẹni tí owó ẹ̀ ò ju ohun méjì lọ? Spade tó dáa àti pinpointer. Kí ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ olówó ńlá sílẹ̀ ná, ṣíbí àtijọ́ nílé máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ dí ihò yín padà o, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Màlúù tó bá ki ẹsẹ̀ bọ ihò tó ti gan lè dá lẹ́sẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀ koríko tí ẹran ń jẹ ni, tí òjò ti dá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ má gbẹ́ ẹ rárá, kódà bí spade yín wọlé. Gbòǹgbò tí ẹ gé ò ní rí omi mu, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ojú ibẹ̀ á pọ́n bí ibi tí wọ́n gbé ìkòkò iná kalẹ̀ sí, àgbẹ̀ á rí gbogbo ẹ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó sì máa tì yín jáde, òun á sì tún sọ fún àgbẹ̀ tó múlé tì í.

Dígà ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá ló ń bi mí, torí nílé, tí ilẹ̀ bá le, dígà la máa ń mú. Àwọn tó ń wá góòlù lábẹ́ ilẹ̀ ní Victoria, ní Australia, dígà ni wọ́n ń lò lóòótọ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń lẹ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ orí ẹ̀ kó lè máa fa ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ kúrò lọ́nà. Òkúta góòlù ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń gba àárín òkúta kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ England, owó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti bọ́tìnì ni ẹ ń wá, ojú dígà ò mọ ìyàtọ̀. Ohun mìíràn tún wà: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù já sí Kent àti Essex gan-an, òmíràn ò bú títí dòní. Tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹ rí irin ńlá kan tó yípo, tó wúwo, ẹ má fi ohunkóhun gbá a, ẹ má gbé e, ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ kúrò, ẹ pe 999. Ẹni tí dígà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè má tíì mọ ohun tó ń gbá kó tó gbá a.

Bàtà náà wà nínú ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Ẹ máa nílò ìsàlẹ̀ tó le láti fi tẹ spade, ṣùgbọ́n bàtà sáìtì tó ní irin nímú máa ń jẹ́ kí ditẹ́kítọ̀ dún ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sún mọ́ kọ́ìlì. Èyí tí imú ẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle tàbí ike ni kí ẹ wá. Bákan náà, kí ẹ gbé spade jìnnà díẹ̀ tí ẹ bá ń yẹ ihò wò, àìmọye ìgbà ni mo ti ń wá spade ara mi nínú ihò.

Ọ̀rọ̀ òfin, ẹ fetí sí i dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì àti tíréènì láti London. Òfin Criminal Justice Act ti 1988 kò fàyè gba kí èèyàn mú nǹkan tó ní ojú mímú tàbí ṣóńṣó dání ní gbangba láìsí ìdí tó múná dóko, àyàfi ọ̀bẹ tó ń ká tí ojú ẹ̀ ò ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Irinṣẹ́ ọwọ́ tó ní eyín bí ayùn yẹn, lójú ọlọ́pàá ọ̀bẹ ni, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ṣe rí ní London àti ẹni tí wọ́n máa ń dá dúró jù. Ẹ má fi kọ́ ìgbànú rìn nígboro láé. Ẹ wé e, ẹ fi sísàlẹ̀ àpò, pẹ̀lú ditẹ́kítọ̀ àti ìwé tí àgbẹ̀ fi fún yín láyè, oko ni kí ẹ ti yọ ọ́. Ìwé yẹn ò sì ṣe é ṣe aláìní, torí gbogbo ilẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín, ibi tí ìjọba bá sì ti sàmì sí pé ó jẹ́ ibi ìtàn, ẹ ò lè lo ditẹ́kítọ̀ níbẹ̀ láìgba àṣẹ ìjọba.

Ìgbà kan wà tí irinṣẹ́ tó dáa jù ni kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1992, ní Hoxne ní Suffolk, àgbẹ̀ kan sọ hámà ẹ̀ nù sóko, ó ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Eric Lawes bá òun fi ditẹ́kítọ̀ wá a. Owó fàdákà ló rí, owó wúrà tẹ̀lé e, ti àwọn ará Róòmù. Kò wa gbogbo ẹ̀ jáde. Ó dúró, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn awalẹ̀pìtàn, wọ́n wá hú u jẹ́jẹ́ bó ṣe wà nínú àpótí tí wọ́n rì í sí, owó tó lé ní 14,000 pẹ̀lú ṣíbí fàdákà àti ẹ̀gbà wúrà. Nítorí pé ó dúró, wọ́n rí bí ẹni tó kó o pamọ́ ṣe tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀yin náà bá gbẹ́ ihò kan tí owó kejì yọ, tí ìkẹta yọ, ẹ fi spade sílẹ̀, ẹ bo ibẹ̀, ẹ pe Finds Liaison Officer agbègbè yín, òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí àwọn èèyàn bá rí nínú ilẹ̀, torí tó bá jẹ́ ohun tí òfin Treasure Act kà sí ìṣúra, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fi tó coroner, adájọ́ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ìṣúra wò, létí. Wọ́n padà rí hámà àgbẹ̀ yẹn náà, ó wà ní British Museum báyìí pẹ̀lú àwọn wúrà yẹn.